Ilẹ̀ bàbá wa lọ́nà Oṣíẹ̀lẹ̀: ṣé ìdí-igi la ó fi pín in ni, àbí orí-òjorí?

Ọmọ Ìtokò

Ọmọ Lísàbí, mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ti pé ọdún méjì tí bàbá wa ti papò dà. Ìyàwó mẹ́ta ni wọ́n fẹ́, ìdána ni wọ́n fi fẹ́ gbogbo wọn, kò sí ti kóòtù níbẹ̀. Ìyá wa ni ìyáálé, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Ìyá kejì bí ọkùnrin kan ṣoṣo. Ìyá kẹta bí mẹ́ta. Àwa mẹ́jọ nìyẹn, èmi sì ni ìkẹta nínú gbogbo wa. Kò sí ìjà lórí ilé Ìtokò l'Abẹ́òkúta, àwọn ìyá wa ṣì ń gbé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mẹ́nu bà á. Ilẹ̀ tó wà lọ́nà Oṣíẹ̀lẹ̀, tí èèyàn bá kọjá Ọbántókó, ni wàhálà wà. Éékà méjì ni bàbá máa ń pè é. Iwájú rẹ̀ wà létí títì, ẹ̀yìn rẹ̀ kan odò kékeré kan, àpáta sì wà láàárín níhà òsì. Bàbá ò fi ìwé ìhágún kankan sílẹ̀.

Àbúrò wa, ọmọ ìyá kejì, ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ìdí mẹ́ta ló wà, kí a dá ilẹ̀ sí mẹ́ta kí òun mú ìdá kan. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní àwọn ò lè gbọ́ irú ẹ̀, pé orí-òjorí ni: ọmọ mẹ́jọ, ìpín mẹ́jọ. Nípàdé tó kọjá, àga fò. Mi ò fi ṣe àwàdà o. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àga oníke ni. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Bàbá Ìbejì

Ẹ tà á, kí ẹ pín owó. Owó ò ní àpáta, owó ò ní etí odò. Ó parí.

Ìyá Aláró

Bàbá Ìbejì, ẹnu yín yá jù. Tiwa la tà lọ́jọ́sí. Èyí tó kàn mí níbẹ̀, mo fi ra aṣọ funfun àti èlò aró, mo san owó ilé ìwé, ọdún ò tíì yípo tí kọ́bọ̀ ò fi kù níbẹ̀. Lónìí, bí mo bá ń bọ̀ láti Ìtòkú, iwájú ilẹ̀ yẹn ni Márúwá máa ń gbé mi gbà. Ilé alájà méjì ti wà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni mo máa ń wò títí a ó fi kọjá. Ẹ má tètè tà.

Ọmọ Ìtokò, ẹ dákun, obìnrin mélòó ló wà nínú ẹ̀yin mẹ́jọ? Mo bèèrè torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ka orí, tó jẹ́ orí ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń kà.

Ọmọ Ìtokò

Obìnrin márùn-ún, ọkùnrin mẹ́ta. Obìnrin ni ẹ̀gbọ́n wa àgbà, obìnrin lèmi náà. Gbogbo wa la kà, Ìyá Aláró. Lórí ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò jiyàn.

Lọ́yà Kútọ̀

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfin ṣe rí, lẹ́yìn náà kí n sọ tinú mi.

Ìdí-igi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹjọ́ kan wà tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Bàbá ọlọ́mọ kú ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, ìjà tí ẹ ń jà yìí gẹ́lẹ́ ni wọ́n jà. Wọ́n gbé e láti kóòtù dé kóòtù títí ó fi dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, kóòtù tó ga jù fún wa nígbà yẹn, ibẹ̀ ló parí sí ní 1962. Wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àṣà náà ò sì tíì kú. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá bẹ́ láàárín àwọn ọmọ lórí bí wọn ó ṣe pín in, olórí ẹbí lágbára láti ní kí wọ́n fi orí-òjorí pín in, kí ilé má bàa dé kóòtù. Àbúrò yín ò parọ́, ẹ̀gbọ́n yín náà ò parọ́.

Ta wá ni olórí ẹbí? Ọmọkùnrin tó dàgbà jù ni àṣà sábà máa ń pè ní dáwódù, ṣùgbọ́n ẹbí lè fi ẹnu kò lórí ẹlòmíràn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé obìnrin ò lè jẹ ẹ́. Láti 1908 ni kóòtù ní Èkó ti sọ ọ́ pé bí dáwódù bá kú, ọmọ tó dàgbà tẹ̀ lé e ni ipò kàn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin.

Tinú mi rèé. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ni olórí ẹbí, wọ́n lè fi agbára yẹn pàṣẹ orí-òjorí. Àmọ́ inú ìdí tó lọ́mọ jù lọ ni wọ́n ti wá. Ẹni tó ń jẹ nínú abọ́ ló ń bu oúnjẹ yẹn. Àbúrò yín á gba kóòtù lọ, ẹ ó sì wà níbẹ̀ títí irun á fi funfun. Ẹ wá ibi tí gbogbo yín ti lè fara mọ́ ọn.

Ará Àsẹ̀rò

Ṣé Mùsùlùmí ni bàbá? Bó bá jẹ́ ti Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá o. Ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ pín ìdá kan nínú mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin á gba ìlọ́po méjì ọmọbìnrin.

Ọmọ Ìtokò

Bàbá máa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n sì máa ń bá wọn ṣorò lọ́jọ́ orò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wa dá ìjà kẹta sílẹ̀.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ Àdátán

Ẹ̀yin ń jà lórí ìdí àti orí, ta ló ti wọn ilẹ̀ náà?

"Éékà méjì" tí bàbá ń pè é, ojú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Mi ò bá wọn wí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo bàbá ń ṣe. Ẹ pe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó níwèé àṣẹ, kì í ṣe ọmọ tó gbé tépù dání lójú ọ̀nà. Kí ó kọ́kọ́ mú àmì ibi tí ilẹ̀ náà wà lọ sọ́dọ̀ ìjọba, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Òfin ilẹ̀ ti 1978 kó ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá ti gbà á tipẹ́, afẹ́fẹ́ lẹ ń fi àga ju ara yín lé lórí.

Ẹ̀ẹ̀kejì, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ sára ògiri: ẹ yọ ọ̀nà kí ẹ tó yọ pulọ́ọ̀tì. Mo mọ ọmọ ìyá mẹ́ta kan níhà Elégà tí wọ́n gé ilẹ̀ wọn bí ẹni gé búrẹ́dì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lẹ́yìn. Ìpín dọ́gba, kò yingin. Nígbà tí ẹni ẹ̀yìn fẹ́ kọ́lé, ẹni àárín ti mọ fẹ́ǹsì. Ọkọ̀ búlọ́ọ̀kù dúró létí títì, àwọn ọmọ lébìrà fi orí ru búlọ́ọ̀kù 2,000, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn kọjá, ìyàwó náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń ka iye ìgbà tí wọ́n tẹ ewédú òun mọ́lẹ̀. Owó tí ó san fún ríru nìkan tó owó òrùlé. Wọn ò sọ̀rọ̀ sí ara wọn mọ́ báyìí.

Ẹ fi ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀ fún ọ̀nà, bó ti wù kó dùn yín tó. Ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ètò ìkọ́lé bí ẹ ṣe gbọdọ̀ jìnnà sí títì tó, àti sí odò náà. Iwájú tí ẹ ń jà lé lórí yẹn, ó ṣeé ṣe kí apá kan níbẹ̀ máà ṣeé kọ́ nǹkan kan sí.

Àpáta ńkọ́? Abẹ́òkúta la wà, ibo ni àpáta ò sí! Ẹ má kà á sí ilẹ̀ òfo. Ẹni tó bá kọ́lé lórí àpáta kì í náwó púpọ̀ lórí ìpìlẹ̀. Gbígbẹ́ kànga àti sókáwéè ni yóò dá a lágara: ojoojúmọ́ ni wọn ó máa gbá òòlù, wọn ò ní jìn ju orókún lọ.

Bàbá Ìbejì

Mo ṣì ní ẹ tà á.

Àgbẹ̀ Odẹ́dá

Ilẹ̀ etí odò tí gbogbo yín ń sá fún yẹn, àkùrọ̀ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí tẹ̀tẹ̀ àti ewédú bá wọ́n, ẹni tó ní àkùrọ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹ bèèrè nínú yín, ẹ lè rí ẹni tó ń fẹ́ ẹ tí kò sì fẹ́ sọ.

Ọmọ Ìtokò

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́, ẹ máà bínú. A ti wọ̀n ọ́n.

Ó jẹ́ 240 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, ìyẹn etí títì, ó sì jẹ́ 360 ní òró títí dé odò. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wa ní 86,400 ni àpapọ̀ rẹ̀, éékà kan sì jẹ́ 43,560. Nítorí náà éékà méjì ku díẹ̀. Bàbá gbìyànjú o! Ìjọba ò tíì gba ibẹ̀, a dúpẹ́. Àwọn pèrègún tí bàbá gbìn sí ààlà ṣì wà níbẹ̀. Méjì ló kú. Ẹni tó mú ilẹ̀ tó tì wá ti sún mọ́ wa díẹ̀ níbi méjèèjì tó ti kú. A bá a sọ ọ́, ó ní òun ò mọ̀. Ó dáa, ó ti padà sẹ́yìn.

A ti yọ ọ̀nà. Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, ó gba àárín gbùngbùn láti títì dé ẹ̀yìn. Ìyẹn nìkan jẹ 10,800, ó tó pulọ́ọ̀tì 60 lọ́nà 120 kan àbọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ka ìtàn ewédú yẹn fún wọn, wọ́n gbà. Pulọ́ọ̀tì mẹ́fà wà ní òsì, mẹ́fà ní ọ̀tún, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 lọ́nà 105. Gbogbo wọn ló kan ọ̀nà.

Pulọ́ọ̀tì 12, ìdí mẹ́ta, ọmọ mẹ́jọ. Ìdí-igi: mẹ́rin-mẹ́rin, àbúrò wa nìkan ló ni mẹ́rin, àwa ọmọ ìyáálé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Orí-òjorí: kálukú ní ọ̀kan àbọ̀. Ibẹ̀ la tún dúró sí. Ìjà tuntun sì ti wọlé: méjì péré ló wà létí títì nínú méjìlá, Òsì 1 àti Ọ̀tún 1. Gbogbo ayé ló fẹ́ wọn.

Tíṣà Ìṣirò

Ìjà tuntun yẹn ló máa yanjú ìjà àtijọ́. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Nílé yín, nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá gbé ẹran fún ẹ̀yin mẹ́ta, ta ló máa ń pín in? Àbúrò ló ń pín in, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú. Ọmọdé tó bá mọ̀ pé òun lòún máa mú kẹ́yìn, ó máa wọ̀n ọ́n bí ẹni wọn wúrà. Mo ti rí ibi tí ọmọ ọdún mẹ́fà ti fi eyín gé egungun kí ó lè dọ́gba. Òun náà ni àwọn onímọ̀ ìṣirò wá gbé sínú ìwé. Ní 1948, Hugo Steinhaus, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, kọ ọ́ jáde: bí ènìyàn méjì bá fẹ́ pín nǹkan, kí ẹnìkan gé e, kí ẹnìkejì mú. Bí wọ́n bá ju méjì lọ ńkọ́? Banach àti Knaster, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, ló bá a rí ọ̀nà ìyẹn. Ẹni àkọ́kọ́ á gé ìwọ̀n tó rò pé ó tó ẹnìkan. Á fi lọ ẹni kejì. Bí ẹni kejì bá rí i pé ó ti pọ̀ jù, á gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ títí dé ẹni ìkẹyìn. Ẹni tó fi ọ̀bẹ kàn án kẹ́yìn ló máa gbé e lọ. Bí kò bá sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ẹni tó gé e ló ni ín. Àwọn tó kù á tún bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó kù.

Lórí ilẹ̀, èèkàn àti okùn ni ọ̀bẹ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti ní pulọ́ọ̀tì, ẹ ò nílò kí ẹ tún máa sún èèkàn kiri. Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ èmi nìyí: ẹ má ka pulọ́ọ̀tì mọ́, iye tí ó tó lójú yín ni kí ẹ kà. Ẹ fẹnu kò pé pulọ́ọ̀tì lásán, èyí tó gbẹ tí kò lápàáta, àmì 2 ni. Kí ìdí kọ̀ọ̀kan wá kọ àmì tó rò fún méjèèjìlá sínú ìwé, kí wọ́n dì í, kí ẹ tú u lójú ara yín. Ẹ máa rí i pé ẹ ò fẹ́ nǹkan kan náà.

Bàbá Ìbejì

Tíṣà, èèyàn tó ń fi àga ju ara wọn lẹ ní kí wọ́n máa kọ àmì sínú àpò ìwé?

Tíṣà Ìṣirò

Ẹni tó ń kọ̀wé ò lè sọ àga.

Ará Òkè Òkun

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹbí pè mí lórí WhatsApp, wọ́n ní ibi báyìí ni tìrẹ, máa kọ́lé síbẹ̀. Mo fowó ránṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, ilé parí. Nígbà tí mo fẹ́ tà á kí n lè fi san gbèsè, wọ́n ní mi ò lè tà á, pé wọ́n fún mi kí n máa lò ó ni, ilẹ̀ ẹbí ni síbẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti pín in fún mi. Àwa méjèèjì la ń sọ Yorùbá o!

Lọ́yà Kútọ̀

Ará Òkè Òkun, ẹ pẹ̀lẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣubú nìyẹn. "A fún ọ níbi tí wàá máa lò" yàtọ̀ sí "a ti pín ilẹ̀". Èyí àkọ́kọ́, ẹbí ló ṣì ni ilẹ̀, ìwọ kàn ń lò ó. Èyí kejì, ẹbí ti yọwọ́, ìpín rẹ ti di tìẹ, o lè tà á, o lè fi tọrẹ, ọmọ rẹ lè jogún rẹ̀. Òótọ́ ni pé kóòtù lè gba pípín tí a fẹnu ṣe, àmọ́ ta ni yóò ṣẹlẹ́rìí nígbà tí àwọn tó wà níbẹ̀ bá ti kú tán?

Ọmọ Ìtokò, bí ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ ṣe ìwé ìpín ilẹ̀. Kí gbogbo ọmọ mẹ́jọ fọwọ́ sí i, kí pulánì kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀, kí ẹ kọ ọ̀nà náà sí i pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dí i. Ẹ san owó sítáǹbù ìjọba, kí ẹ gba ìfọwọ́sí gómìnà, kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tó bá wà lókè òkun, kí ó ṣe ìwé tó fún ẹnìkan lágbára láti fọwọ́ sí i lórúkọ rẹ̀. Ìpè fídíò kì í ṣe ìbuwọ́lùwé.

Nínú gbogbo rẹ̀, títí ìwé á fi parí, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò pé òun ń ta nǹkan kan. Bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà yẹn ò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìbá aṣojú ìdí yòókù sọ ọ́, wọ́n lè lọ fagi lé e ní kóòtù. Ẹni tó rà á ló máa wá fi igbe bọnu.

Ìyá Aláró

Ọmọ Ìtokò, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan nípa àwọn ìyá yín. Wọ́n mọ̀ sí i?

Ọmọ Ìtokò

Ìyá wa mọ̀. Lọ́yà ti ṣàlàyé fún wa pé lábẹ́ àṣà, ìyàwó kì í jogún ilẹ̀ ọkọ, ọmọ ni wọ́n fi ń jogún rẹ̀. Ìyá kẹta gbọ́ ọ, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "èmi tí mo ro oko yẹn lọ́dún mélòó." Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ sí i. A fẹnu kò pé igi ọsàn mẹ́rin tí wọ́n gbìn síbẹ̀, títí tí wọ́n fi wà láyé, àwọn ló ni èso wọn, pulọ́ọ̀tì ẹni tó wù kó bọ́ sí.

Ọmọ Ìtokò

Ẹ̀yin ará, mo padà wá. A ṣe ti Tíṣà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la pàdé nílé Ìtokò, ìdí mẹ́ta, àpò ìwé mẹ́ta. Kí a tó tú u, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó yẹ kó jẹ́ dáwódù dìde, ó ní òún yọ̀ǹda ipò náà fún ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ pàṣẹ orí-òjorí fún ẹnikẹ́ni, ká kọ́kọ́ wo ìwé. Wọ́n gbà, wọ́n sì jókòó sórí ọwọ́ wọn.

A tú u. Etí títì méjèèjì, gbogbo wa kọ 5. Pulọ́ọ̀tì lásán 2, bí a ṣe sọ. Ìyàlẹ́nu ni ti ẹ̀yìn. Ọ̀tún 6, tó wà létí odò, gbogbo wa kọ 1 fún un. Òsì 6 tí òun náà wà létí odò, ìdí méjì kọ 1 fún un. Ìdí tiwa kọ 3! Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà ló kọ ọ́, ó ti ń sin ẹja àrọ̀ nínú àgbá fún ọdún méjì, kò sọ fún wa pé ibi tí òun ó gbẹ́ ọ̀gọ̀dọ̀ sí lòún ń wá. Òsì 4 àti 5 tó lápàáta, àwa àti àbúrò wa kọ 1-1. Ọmọ ìyá kẹta kan wà tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, ó kọ 2-2, ó ní "ẹ̀yin ò tíì ra kọnkéré rí ni."

A fi iye tí ọ̀pọ̀ jọ kọ ṣírò gbogbo rẹ̀, ó jẹ́ 26. Bó bá jẹ́ ìdí-igi, ìdí kọ̀ọ̀kan á gba mẹ́jọ lé díẹ̀. Bó bá jẹ́ orí-òjorí, àbúrò wa á gba mẹ́ta lé díẹ̀ péré. Nígbà tí ó rí mẹ́ta yẹn, ojú rẹ̀ pọ́n. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa rí mẹ́jọ, ojú tiwọn náà pọ́n. Ìyá wa ní kí wọ́n gbé ẹ̀bà wá.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni àbúrò wa fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Páàtì ọkọ̀ ló ń tà, ṣọ́ọ̀bù ló ń wá. Ó ní bí wọ́n bá fún òun ní Òsì 1 àti Òsì 2, òún gbàgbé mẹ́rin tí òun ń pè. Ìyẹn 7. Ó kéré sí ti ìdí-igi, ó ju ti orí-òjorí lọ. Ẹ̀gbọ́n wa wo àjà ilé fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní "ó dáa."

Ìdí tiwa mú Ọ̀tún 1, 2, 3, àti Òsì 6 tó létí odò. Ìyẹn 10. Ìdí ìyá kẹta mú gbogbo èyí tó kù: Ọ̀tún 4, 5, 6, Òsì 3, 4, 5. Pulọ́ọ̀tì mẹ́fà, àmì 9, wọn ò ní etí títì kankan. Wọ́n ní etí títì ò jẹ́ nǹkan lójú àwọn, ilé ni àwọn fẹ́ kọ́, ariwo ọkọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ní Lafẹ́nwá ti tó àwọn. Pẹ̀lú iye tí bíríkìlà fúnra rẹ̀ kọ fún àpáta, 11 ló rò pé òún gbé lọ. Ẹlẹ́ja wa náà rò pé 12 la mú. Àpapọ̀ ohun tí kálukú rò pé òún gbà ti ju 26 lọ. Tíṣà, ẹ wá ṣàlàyé ìyẹn.

Ọ̀tún 1 tó bọ́ sọ́dọ̀ wa, àwa mẹ́rin ò tíì mọ bí a ó ṣe ṣe é. Ìyẹn ìjà ọjọ́ mìíràn.

Tíṣà Ìṣirò

Kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé. Bí gbogbo yín bá fẹ́ràn nǹkan kan náà bákan náà, ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń le. Àwọn ọmọ bàbá yín ò jọra.

Bàbá Ìbejì

Ó dáa, mo ti gbọ́. Mo gba àga mi padà.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ Àdátán

Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n Òsì 6, kí ẹlẹ́ja tó gbẹ́ ohunkóhun, kí ó wádìí bó ṣe gbọdọ̀ jìnnà sí odò tó, mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí ó sì dúró títí di òpin òjò kí ó rí ibi tí omi ń dé. Ẹ rì òpó ààlà tó ní nọ́ńbà, kí ẹ sì tún gbin pèrègún síbi méjì tó kú yẹn. Wọ́n lè hú òpó ní òru ọjọ́ kan. Pèrègún tí ó ti ta gbòǹgbò, ó máa gbà wọ́n lásìkò.

Ará Òkè Òkun

Ẹni tó wà lókè òkun nínú ẹ̀yin mẹ́jọ ńkọ́? Ṣé ó ti ṣe ìwé tí lọ́yà sọ?

Ọmọ Ìtokò

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Kánádà ni. Ó ti lọ fọwọ́ sí i níwájú nótárì, ìwé náà ń bọ̀ lọ́nà. Ọjọ́ Ajé ni a ń lọ Òkè-Mosàn, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí n wọ bàtà tó pẹlẹbẹ.

Àgbẹ̀ Odẹ́dá

Ẹ bá mi bi ẹlẹ́ja yẹn bóyá á fẹ́ kí n máa gbin ewédú sí etí ọ̀gọ̀dọ̀ rẹ̀. Omi ẹja dára fún un gan-an.